Aṣọ Àlòkù Tí Bíríkìlà Béèrè

Kò sí ohun tí Màmá Hàwáù gbọ́kàn lé nínú ayé yìí, àyàfi Ọlọ́run àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Irin ni ọ̀pá náà. Wọ́n ní ọ̀pá onígi lè gbẹ kí ó sì tẹ̀ lásìkò ọyẹ́, kí oníbàárà wá máa sọ káàkiri pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú Niamey, nítorí ilé ìwé. Bí gàrúwà, ọkùnrin tó ń ta omi, bá ti ọmọlanke rẹ̀ dé láàárọ̀, Màmá Hàwáù á yọjú wo inú agolo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà kí ó dà á sínú ìkòkò. Ọmọ Zarma ni gàrúwà náà, ó sì ti mọ ìwà wọn tipẹ́. Ó máa ń kí wọn pé, "Fofo, Màmá. Mo mu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà lónìí." Màmá Hàwáù kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún padà lọ wo agolo.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ló ń ṣèjọba Niger, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìjọba sókè. Èyí bá ìwà Màmá Hàwáù mu dáadáa. Bí àlejò bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn nítòsí ọjà Petit Marché, tó béèrè bí ọjà ṣe ń lọ sí, wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Bó bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra ẹrù, wọ́n á ní, "Ọ̀nà jìn." Bó bá tún fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn, wọ́n á bi í bóyá aṣọ ló wá rà.

Ṣùgbọ́n ìfura kan wà tí wọ́n ní ìdí fún, ìyẹn ni ìfura sí omi.

Màmá Hàwáù ń tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan kan ní àdúgbò Kalley, ará ilé kejì ṣe balùwẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yàrá tí wọ́n ń sùn. Bánkò ni wọ́n fi kọ́ yàrá náà, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Niamey: amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko, tí wọ́n sì sá lóòrùn títí ó fi le. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé omi ìwẹ̀ ń wọ ìdí ògiri náà díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìsí òjò, láìsí ìjì, ògiri náà jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá Hàwáù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ìtàn yẹn fún mi. Wọ́n ní, "Kò dún rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí o rántí nìyẹn. Bánkò kì í pariwo kó tó wó."

Ọmọ wọn, Bùrọ̀dá Yàhàyá, ń ṣiṣẹ́ ní Arlit, lókè lọ́hùn-ún nínú aṣálẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa yúráníọ̀mù. Owó yúráníọ̀mù ti ń yí ojú Niamey padà nígbà náà. Ilé ìjọba tuntun ń ga sókè, ọ̀nà tí a mọ̀ sí eruku ń di ọlọ́dà, àwọn ọmọ Arlit sì ń padà wálé pẹ̀lú ìròyìn ohun tí wọ́n rí. Bùrọ̀dá Yàhàyá ní inú dúṣì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wẹ̀ níbẹ̀. Omi ń rọ̀ sí èèyàn lórí láti inú irin, kárò funfun, ìyẹn àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó ń dán, sì wà nílẹ̀ àti lára ògiri. Ó ní ìyá òun àti ìyá ìyá òun kò gbọdọ̀ máa gbé garawa lọ sẹ́yìn ilé mọ́. Ó fi owó tí wọ́n máa fi kọ́ dúṣì sílẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Ibi kan ṣoṣo tí dúṣì lè wà nínú ọgbà wa ni àlàfo tó wà láàárín ilé sìmẹ́ńtì tí à ń gbé àti yàrá Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ni ìyá Màmá Hàwáù àti bàbá mi. Bánkò ni yàrá wọn. Ọkọ wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí àlàfo yẹn ni ẹní wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orí sí.

Màmá Hàwáù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa sùn nínú ilé sìmẹ́ńtì.

"Yàrá yìí ni mo ti bí gbogbo yín," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ wẹ̀ níbi tó bá wù yín. Èmi ò kúrò."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn: omi ní ẹ̀gbẹ́ kan ògiri, orí Ìyá Àgbà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta okùn wọn ilẹ̀ náà ni oorun Màmá Hàwáù ti já.

Bíríkìlà tí wọ́n mú wá ń jẹ́ Gàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ Bùrọ̀dá Yàhàyá. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ṣe àwàdà, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́.

"Níbo lo ti kọ́ṣẹ́?" ni Màmá Hàwáù bi í.

"Cotonou ni, Ìyá, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

"Ṣé ọ̀gá náà wà láàyè?"

"Ó wà láàyè dáadáa."

"Kí ló dé tí o fi í sílẹ̀?"

"Mo gba fíríídọ̀mù ni, Ìyá. Ṣé kí n dúró kí n sin òkú rẹ̀ ni?"

"Hùn," ni Màmá Hàwáù wí.

Gàfárù fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kọ́ ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ara ti bánkò, ó sì rẹ́ ẹ. Ó da ilẹ̀, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lọ sí ojú ihò tí omi máa gbà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, Màmá Hàwáù mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan wá. Wọ́n gbé e sí igun kan, ó yí lọ sí ojú ihò. Wọ́n gbé e sí igun mìíràn, ó tún yí lọ síbẹ̀.

"Ìyá, ọsàn yín pàápàá ti gbà fún mi," ni Gàfárù wí.

"Ọsàn kì í ṣe omi," ni wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì mú ọsàn wọn lọ.

Gàfárù ṣàlàyé pé kárò fúnra rẹ̀ kì í dá omi dúró. Omi máa ń rí ọ̀nà gbà láàárín kárò kan àti èkejì. Ohun tó ń dá a dúró ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń yọ́ lórí iná, tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀ àti ìdí ògiri kí wọ́n tó lẹ kárò rárá. Ó ní ibi tó ṣòro jù ni igun, níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, torí pé ibẹ̀ ló máa ń sán. Aṣọ ni wọ́n máa ń tẹ́ síbẹ̀, sínú ọ̀dà, kí wọ́n tó tún fi ọ̀dà bò ó.

"Nítorí náà, Ìyá, mo fẹ́ aṣọ àlòkù. Ìró òwú ló dáa jù, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀."

Màmá Hàwáù ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wọn. Ọwọ́ wọn dúró.

"Ìró ta ni?"

"Tiyín náà ni. Tàbí ti ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé."

"Aṣọ tó ti gba òógùn ara mi ni o fẹ́ kí n kó fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí o fi ọ̀dà dúdú kùn ún, kí o rì í mọ́lẹ̀, kí àwọn èèyàn máa dúró lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí omi ìdọ̀tí wọn sì máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀?"

Gàfárù ronú sí i díẹ̀. "Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, Ìyá, kò dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn."

Màmá Hàwáù dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n ti àpótí aṣọ wọn ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ní kí n ká gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn, gbígbẹ àti tútù, títí kan ìborùn Ìyá Àgbà.

"Hàwáù, àkísà lásán ni ọmọ yẹn ń béèrè," ni Ìyá Àgbà wí.

"Màámi, èmi ni mò ń ta aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ, tuntun ló máa ń béèrè. Kí ló dé tí òun kò béèrè tuntun lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù aṣọ? Ta ló sọ fún un pé kó wá tiwa?"

Láti ìgbà náà, mi ò gbọdọ̀ fọ aṣọ sílẹ̀ nígbà tí Gàfárù bá wà nínú ọgbà. Bó bá nu òógùn ojú rẹ̀, Màmá Hàwáù á wò ó bóyá tirẹ̀ ni aṣọ tó fi nù ún.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìdì aṣọ òwú funfun kan dé láti ṣọ́ọ̀bù. Tuntun ni. Ó ń dán, bí wọ́n sì ṣe ń tú u, ó ń dún bíi bébà. Wọ́n gbé e lé Gàfárù lọ́wọ́.

"Tuntun kẹ̀," ni Gàfárù wí. Inú rẹ̀ dùn. "Ìyá, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀gá mi kò rí irú èyí lò rí, mo rò pé ahun ló ń jẹ́ kó máa lo àlòkù. Dúṣì yín máa wọ aṣọ tuntun ṣáájú èmi lọ́dún yìí."

Ó gé aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sí gbogbo igun, ó sì fi ọ̀dà bò ó. Òórùn ọ̀dà náà gba gbogbo ọgbà. Nígbà tó gbẹ, ilẹ̀ dúṣì dúdú, ó sì ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun. Gàfárù ní kò tíì kan kárò. Ó fi rọ́bà dí ojú ihò, ó ní kí á da omi síbẹ̀ títí yóò fi dé ọrùn ẹsẹ̀, kí á sì jẹ́ kí omi náà sùn níbẹ̀. Bó bá ń jò, a ó mọ̀ kí kárò tó bo àṣírí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àkọ́kọ́ tó sọ tí Màmá Hàwáù gbà láìjiyàn. Gàrúwà ti omi dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Màmá Hàwáù fa ẹní Ìyá Àgbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá pẹ̀lú ìjà díẹ̀, wọ́n sì gbé àpótí ìjókòó kan wọlé, wọ́n jókòó lé e níwájú ògiri, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, wọ́n pè mí. Ohùn wọn rọlẹ̀. "Wá wo nǹkan kan fún mi. Bóyá ojú mi ló ń ṣe é."

Kì í ṣe ojú wọn. Nísàlẹ̀, ní igun, àmì kan wà lára bánkò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú ju ti ara ògiri yòókù lọ. Màmá Hàwáù fi ìka kàn án. Ìka wọn wọlé.

Wọn kò pariwo. Wọ́n nu ìka wọn, wọ́n sì jáde lọ bá Gàfárù níbi tó ti ń to kárò.

"Kí lo pò mọ́ ọ̀dà?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Kẹrosíìnì díẹ̀ ni, kó lè ṣàn dáadáa."

"O ti jẹ́wọ́."

"Kí ni mo jẹ́wọ́? Gbogbo bíríkìlà ló ń fi kẹrosíìnì sí i."

"Gbogbo bíríkìlà ni ògiri wọn ń wó nìyẹn."

Wọ́n ní kí n lọ pe Alfa Àbdùlràhmàn, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì ní Zongo. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará wa máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Ní àkókò ológun yẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ọ̀nà ilé òun.

Alfa dé, wọ́n wo ògiri, wọ́n fi ọ̀pá wọn tẹ ibi tó rọ̀ náà, wọ́n sì mi orí. Màmá Hàwáù ní kí Gàfárù búra pé òun kò ba ọ̀dà jẹ́.

"Mo ṣe tán," ni Gàfárù wí. "Ẹ gbé Kùránì wá."

"Ẹ ò rí bó ṣe yá a lára, Alfa? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á kọ́kọ́ ronú."

"Bó bá ronú ńkọ́?" ni Alfa béèrè.

"Ìyẹn á jẹ́ pé ó ń wá irọ́ tó máa pa."

Alfa wúkọ́ díẹ̀. "Hàwáù, èmi ò ní gbé Kùránì wá sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹ gbọ́n omi yẹn jáde, kí Gàfárù ya igun náà kí á wò ó."

A gbọ́n omi jáde. Gàfárù fi ọ̀bẹ ya igun náà, ó sì fa aṣọ tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ náà ṣí kúrò bí ìgbà tí èèyàn ń bó èèpo ẹyin sísè. Iwájú rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀bẹ ti gé e, inú òwú náà funfun bí ìgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tutù rinrin.

Màmá Hàwáù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi í han Alfa. Bí wọ́n ṣe mú un, àtàǹpàkò àti ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ra ara wọn lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù sí gbogbo ẹrù tuntun, kí wọ́n lè mọ èyí tó nípọn lóòótọ́ àti èyí tí ilé iṣẹ́ fi sítáàṣì tàn jẹ. Nǹkan funfun kan tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ kù sí wọn níka.

Gàfárù ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ń dárúkọ gbogbo ilé tó ti ṣe ní Cotonou.

"Dákẹ́ ná," ni Màmá Hàwáù wí. Wọ́n tún ra aṣọ náà. "Sítáàṣì ni. Ó kún inú òwú, ọ̀dà kò ríbi wọ̀. Omi ló ríbi wọ̀."

"Aṣọ ta ni?" ni Alfa béèrè.

Màmá Hàwáù fi aṣọ náà lé Alfa lọ́wọ́. "Aṣọ mi ni."

"Ìyá, mo sọ pé àlòkù ni mo fẹ́," ni Gàfárù wí.

"Mo gbọ́ ọ. O sọ àlòkù, o ò sọ ìdí rẹ̀."

"Èmi náà ò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá mi kò sọ ọ́."

"Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù."

Alfa ní ṣé a kò lè fọ òwú tuntun náà ni. Màmá Hàwáù ní sítáàṣì ilé iṣẹ́ kì í jáde tán ní ìfọ̀ kan tàbí méjì. Aṣọ gbọdọ̀ pẹ́ lára èèyàn. Gàfárù ní òun lè mú èwù tòun wá.

"Tìẹ?" ni Màmá Hàwáù wí. "Kí ìyá mi máa wẹ̀ lórí èwù tìẹ? Rárá o."

Ìyá Àgbà ti jáde ní yàrá wọn. Wọ́n ti ń tú ìborùn ọrùn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, kì í ṣe tiyín."

Màmá Hàwáù wọlé. Mo gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣe dún. Ìró aláró kan ni wọ́n mú jáde, ó ti ṣá débi pé aró rẹ̀ kò hàn mọ́ àfi létí. Mi ò rí i lára wọn rí.

Ìyá Àgbà wò ó. "Ṣé èyí tí a fi di ẹsẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà ni?"

"Òun ló rọ̀ jù," ni Màmá Hàwáù dáhùn.

Wọn kò jẹ́ kí Gàfárù fi ọwọ́ kan ìró náà lódindi. Àwọn fúnra wọn ló ya á ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n ń nawọ́ ọ̀já kan sí i, wọ́n sì ń wò ó títí ọ̀já náà á fi mu ọ̀dà, tí iwájú àti ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ á dúdú, kí wọ́n tó na òmíràn. Èyí tó kù, wọ́n jù ú sábẹ́ ìkòkò ọ̀dà, wọ́n sì dúró títí ó fi jóná.

"Fọ́nrán kan wà lára ṣòkòtò rẹ," ni wọ́n wí.

"Ìyá, ṣé kí n bọ́ ṣòkòtò náà fún yín?"

"Fọ́nrán yẹn nìkan."

Gàfárù yọ ọ́, ó fi í lé wọn lọ́wọ́. Òun náà wọná.

A tún da omi síbẹ̀. Màmá Hàwáù tún gbé àpótí wọn lọ síwájú ògiri. Omi náà sùn níbẹ̀, ó tún sùn, ògiri kò sì yí àwọ̀ padà. Gàfárù gbẹ́ ibi tó ti rọ̀ kúrò, ó fi bánkò tuntun dí i, ó lẹ kárò, ó sì gbé àgbá kan tí gàrúwà yóò máa rọ omi sí ka orí dúṣì. Ìyá Àgbà fa ẹní wọn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran wọn lọ́wọ́.

Láti ìgbà yẹn, bí àwọn ará wa bá béèrè nípa Gàfárù lọ́wọ́ Màmá Hàwáù, wọ́n máa ń sọ pé, "Ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ."

Nígbà tí Bùrọ̀dá Yàhàyá wálé, inú dúṣì ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. A ń gbọ́ bí omi ṣe ń rọ̀, a sì ń gbọ́ orin tó ń kọ. Mo lọ bu omi mímu fún Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, orí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá Hàwáù jókòó sórí àpótí, ọwọ́ wọn wà lára bánkò.

"Ṣé ó gbẹ?" ni Ìyá Àgbà béèrè, láìla ojú.

"Ó gbẹ," ni Màmá Hàwáù wí. "Ṣùgbọ́n Yàhàyá kò tíì wẹ̀ tán."